Golf GTI mi ní Abuja: mo fẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkè-Ògùn (Kubwa)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àǹtí. Golf GTI 2007 ni mọ́tò mi, tọ́kúnbọ̀ Amẹ́ríkà, 2.0 turbo, gíà ọlọ́wọ́. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń gùn ún. Mo gbọ́ pé tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà tún inú bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní remap, agbára rẹ̀ á kúrò ní 200, á dé nǹkan bíi 240, láì tú ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹnì kan ní Wuse ti dá owó lé e, ó ní kí n gbé e wá ní Sátidé.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Láti bí oṣù méjì, tí mo bá tẹná lórí gíà kẹta tàbí ìkẹrin, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan di mọ́tò náà mú látẹ̀yìn. Ó ń sáré o, ṣùgbọ́n kì í ta bó ṣe máa ń ta nígbà tí mo rà á. Ṣé remap á gbé ìyẹn kúrò? Àbí kí n kọ́kọ́ ra fíltà ńlá àti sàléńsà tuntun?

Ọ̀gá Apo (mẹkáníìkì, Apo)

Àbúrò, má tíì gbé e lọ. Mọ́tò tí nǹkan ń dì mú, ohun tí wọ́n bá kọ sínú bréènì bọ́ọ̀sì kò lè tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ tí remap ń ṣe ni pé ó ń sọ fún turbo pé kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí epo pọ̀ sí i, kí plọ́ọ̀gì sì tètè tanná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan, tàbí tí páǹpù kò bá lè gbé epo dé, asán ni turbo á máa sá, inú rẹ̀ á sì máa gbóná.

Tó bá jẹ́ BPY ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì rẹ lára, mo ti tú irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà níbí. Fáàfù kan wà lára turbo tí wọ́n ń pè ní diverter valve. Òun ló ń dá afẹ́fẹ́ padà nígbà tó o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Rọ́bà pẹlẹbẹ ló wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ wọn bá jáde, rọ́bà ọ̀hún sì máa ń ya. Tó bá ti ya, afẹ́fẹ́ tí turbo ti fẹ́ tán á máa yí padà síbi tó ti wá, ohun tó o sì máa rí lójú ọ̀nà ni ohun tó o ṣàlàyé yìí gan-an. Ra èyí tó ní písítìnnì kékeré nínú dípò rọ́bà.

Èkejì ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má fi ṣeré. Páàtì kékeré kan wà láàárín camshaft àti páǹpù epo, cam follower lorúkọ rẹ̀. Ó dà bí ife tí kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí tó ń ṣí fáàfù, ló ń gbá a, òun náà á sì máa ti páǹpù. Àwọ̀ dúdú kan wà lójú rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Nígbà tí àwọ̀ yẹn bá ti họ tán, irin á máa jẹ irin, títí tí ihò á fi lu. Tí ihò bá lu, camshaft á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ imú páǹpù, gbogbo lúbúlúbú irin yẹn á sì wọnú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ṣe remap lórí follower tó ti jẹ, owó camshaft àti ti páǹpù ló ń wá kiri. Páàtì yẹn fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Bóòtù mẹ́ta péré ló dá páǹpù dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó tú u, nítorí bẹntiróòlù tó wà níbẹ̀ ní ìfúnpá tó lè lu awọ èèyàn.

Ẹ̀kẹta, carbon. Inú síléńdà tààrà ni ẹ̀rọ yìí ń fọ́n epo sí, kò sí bẹntiróòlù tó ń fọ ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èéfín ọ́ìlì á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dì bí èédú tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. A ní láti ṣí páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ká yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù síléńdà kọ̀ọ̀kan á fi pa dé, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹni tó bá ha á nígbà tí fáàfù ṣí sílẹ̀ ti da ìdọ̀tí sórí písítìnnì nìyẹn.

Ọdún wo ni wọ́n pààrọ̀ tímínì bẹ́líìtì? Tí o kò bá mọ̀, kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Tó bá já, fáàfù á tẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn (Kubwa)

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá mi. BPY ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Mi ò mọ̀ nípa bẹ́líìtì. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Bọ̀dá Laptop (Wuse, ó ń ṣe remap)

Mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, owó ni mo sì ń gbà, síbẹ̀ mo fara mọ́ ohun tí Ọ̀gá Apo sọ pátápátá. Èmi kì í so laptop mọ́ mọ́tò kí n tó mọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ epo, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń ṣubú sí. Ṣí ojú tàǹkì rẹ, wàá rí i pé wọ́n kọ 91 síbẹ̀. 91 Amẹ́ríkà nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọn bí bẹntiróòlù ṣe lè gba ìfúnpá tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀, RON àti MON. Àwọn ará Amẹ́ríkà á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. RON nìkan ni àwọn ará Yúróòpù ń kọ. Nítorí náà 91 tó wà lójú tàǹkì rẹ tó nǹkan bíi 95 sí 96 RON. Nílé epo tiwa, oríṣi bẹntiróòlù kan ló sábà máa ń wà, kò sí pé èèyàn ń yan èyí tó ga. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fáìlì remap lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Jámánì tàbí England, ẹ rántí pé epo 98 RON ni wọ́n fi dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò.

Tí nọ́ńbà epo yìí kò bá ga tó, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Kì í ṣe irú èyí tí àwa ń pè ní “ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì”, tí béárìnnì ti jẹ. Èyí tí mò ń sọ ni kí epo gbiná fúnra rẹ̀ ní igun kan nínú síléńdà, láìdúró kí iná tí plọ́ọ̀gì tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tí wọ́n ń mì ín. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń gbọ́ ọ, bréènì bọ́ọ̀sì á sì fa àkókò iná sẹ́yìn kó má bàa ba písítìnnì jẹ́. Bó ṣe ń fà á sẹ́yìn ni agbára ń lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra 240 lè máa gun 190 lọ́sàn-án gangan láì mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wáyà VCDS, èyí tó ń so laptop mọ́ bréènì bọ́ọ̀sì, àti laptop ti tó. Bùlọ́ọ̀kù 020, ìyẹn ojú ewé kan nínú rẹ̀, á fi bí bréènì bọ́ọ̀sì ṣe ń fa àkókò iná sẹ́yìn tó hàn ọ́ ní síléńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí nọ́ńbà bá ń kọjá 6 lemọ́lemọ́, má fi agbára kún un. Bùlọ́ọ̀kù 115 á fi hàn ọ́ bí ìfúnpá tí turbo ń mú wá bá tó èyí tí bréènì bọ́ọ̀sì béèrè. Wo ìfúnpá epo náà: nígbà tí iṣẹ́ bá le, ó yẹ kó lè gòkè dé nǹkan bíi 110 bar. Tó bá ń já wálẹ̀, follower tàbí páǹpù ni.

Kí o wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná. Mọ́tò tó dáa láago mẹ́fà àárọ̀ lóṣù kẹjọ, kò túmọ̀ sí pé á dáa láago méjì ọ̀sán lóṣù kẹta.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ní ó ń gbé nọ́ńbà epo ga. Èyí tó ní kẹ́míkà MMT nínú máa ń kun ẹnu plọ́ọ̀gì ní àwọ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ tiwa.

Ará Ìlọrin (Kaduna)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ooru kún un. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lókè ọya yìí, tí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọ́n á yọ thermostat rẹ̀, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, sọ nù, wọ́n á ní kó máa tutù nìyẹn. Wọ́n ṣe é fún mi ní Panteka, mi ò mọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat kì í gbóná tó ìwọ̀n rẹ̀. Bréènì bọ́ọ̀sì á rò pé àárọ̀ ni, á máa da epo sí i lójú ọ̀nà márosẹ̀, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára síléńdà. Bẹntiróòlù ń lọ bí omi, mọ́tò kò sì lágbára. Nígbà tí mo dá a padà, tí mo fi kúláǹtì gidi dípò omi ẹ̀rọ, tí fáànù méjèèjì ń ṣiṣẹ́, mọ́tò náà jí.

Àbúrò, kó o tó náwó sórí fíltà ńlá, intercooler, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ turbo tutù, ni kó o náwó lé. Èyí tó bá Golf 5 bíi tìrẹ jáde kéré. Wo ara rẹ ní sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Nyanya, o ti dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, irin intercooler ti gba ooru rédíétọ̀ àti ti títì mọ́ra. Ọ̀nà ṣí, o tẹná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló máa wọlé, á fúyẹ́, á sì tún mú kó nọ́ọ̀kì. Intercooler ńlá kì í jẹ́ kí èyí tètè ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà (Kano)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ yìí jù. Golf 5 lèmi náà ń gùn, wọ́n ti ṣe Stage 1, ìyẹn remap ìpele àkọ́kọ́, fún un láti 2022, oòrùn Kano sì ju ti Abuja lọ. Kò tíì dá mi dúró lọ́nà rí.

Bọ̀dá Laptop (Wuse)

Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Fáìlì wo ni wọ́n fi sí i? Irú ìtọ́jú wo lẹ sì ń fún un?

Ọmọ Ọ̀fà (Kano)

Ẹni tó ṣe é gé e kù fún epo wa, kò ṣe 240 fún mi, ó ní òun ò lè fi orúkọ òun lé e. Ọ́ìlì 5W-40 tó ní nọ́ńbà VW 502 00 lára ni mò ń lò, gbogbo 7,000 kìlómítà ni mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi plọ́ọ̀gì tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, wọ́n sì dín àlàfo ẹnu rẹ̀ kù sí 0.7 mílímítà kí iná má bàa máa kú nígbà tí ìfúnpá bá pọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló yọ mí lẹ́nu. Lóṣù kejì lẹ́yìn remap, tí mo bá tẹná lórí gíà kẹrin, ìró ẹ́ńjìnnì á gòkè ṣùgbọ́n mọ́tò kò ní yára sí i. Kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò gbé agbára tuntun. Mo rí òmíràn rà ní Kofar Ruwa.

Ti fíltà, ẹ gbọ́ tèmi, nítorí Kano la ti mọ ìyẹ̀pẹ̀. Àwọn fíltà ṣóńṣó tí wọ́n máa ń fi ọ́ìlì pa, tó wà ní gbangba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń fà. Nígbà ọyẹ́ ni wàá mọ̀ pé eruku lẹ́búlẹ́bú ń gba ara wọn kọjá, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́. Fíltà bébà nínú àpótí rẹ̀ ni mò ń lò. Tí ọyẹ́ bá wọlé, mo pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá lọ, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo gbọn èyí tí mo yọ lóṣù kejì sórí bébà funfun kan. Erùpẹ̀ tó dà sílẹ̀ kún ṣíbí ìmùkọ.

Ọ̀gá Apo (Apo)

Ẹ wò ó, ẹni tó ní òun ò ní wàhálà ni ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n Kano, ẹ ṣé.

Olùkọ́ Lugbe

Ẹ dákun, Accord “End of Discussion” 2005 lèmi ń lò, 2.4. Ṣé remap lè ṣe nǹkan fún un?

Àǹtí Jos

Fún ẹni tó béèrè nípa Accord: kò sí turbo níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè fi kún un. Agbára tó máa rí kò tó ohun tí ara lè mọ̀. Ṣe sáfíìsì rẹ̀ dáadáa, fọ ojú tọ́rótù, pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, kí o fi ìyókù owó ra táyà.

Ìwọ Ọmọ Òkè-Ògùn, tó o bá máa ń wá sí Jos, mọ èyí. Ìlú wa fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ wa fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo 300 mítà tó bá gùn. Ìyẹn ti tó 12 nínú 100 kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé turbo kì í mọ òkè. Ó ń mọ̀ ọ́n. Kó lè mú ìfúnpá kan náà wá, ó ní láti yí yára ju bó ṣe ń yí ní Abuja lọ, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ á sì gbóná sí i. BMW 335i lèmi ń gùn, turbo méjì ni, mo fojú ara mi rí i nínú àkọsílẹ̀ laptop. Remap tó ti na turbo dé góńgó ní Abuja, kò sí àyè kankan fún un mọ́ tó bá dé Plateau. Sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé kó fi àyè sílẹ̀.

Bàbá Gwarinpa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n láti òkè mo ti ń wá bíréèkì, mi ò rí i. Mọ́tò tó máa yára sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ dídúró. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá ti pẹ́, ooru á mú un hó, ẹsẹ̀ rẹ á sì wọlẹ̀ lórí bíréèkì láìsí nǹkan kan. DOT 4 tuntun ní ọdún méjì méjì. Lọ wo ara táyà rẹ, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Tó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ó dúdú tó. Táyà tọ́kúnbọ̀ tó ń dán yẹn ni mo rí tó bẹ́ lójú ọ̀nà Lokoja, ojú mi báyìí ló ṣe. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má sì fi Kubwa Expressway tàbí Airport Road dán agbára wò. 100 ni òfin FRSC fún mọ́tò wa lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá níbẹ̀.

Bọ̀dá Laptop (Wuse)

Òótọ́ ni, bàbá. Láti ka nọ́ńbà, gíà kejì ti tó, kò ní kọjá 100. Ojú ọ̀nà tó dá ni, kí ẹlòmíràn sì máa wo laptop, kì í ṣe ẹni tó ń wakọ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn (Kubwa)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti jẹ́ kí Sátidé yẹn kọjá. Apo ni mo gbé e lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, mo sì dúró tì wọ́n.

Nígbà tí wọ́n yọ páǹpù epo, ọ̀gá fi ìka méjì fa follower náà jáde, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ tó yẹ kó dúdú ti funfun bíi ṣílè, àárín rẹ̀ sì ti jìn wọlé. Mo fi èékánná wọ́ ọ láti etí kan dé èkejì, èékánná mi bọ́ sínú kòtò náà. Kò tíì lu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí oòrùn, mo rí i pé irin tó kù níbẹ̀ kò nípọn ju páálí lọ. Ká ní mo ṣe remap ní Sátidé yẹn ńkọ́? Mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Rọ́bà diverter valve náà ti ya láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Carbon wà lẹ́yìn fáàfù, ti síléńdà kẹta ló pọ̀ jù. Wọ́n ha gbogbo rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ tímínì bẹ́líìtì àti páǹpù omi pọ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá síléńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó 1 bar, ọ̀gá ní 3 ni òpin.

Ẹ̀gbọ́n Laptop bá mi ka nọ́ńbà kó tó di pé wọ́n tú u àti lẹ́yìn tí wọ́n dè é, ọ̀sán ni nígbà méjèèjì. Síléńdà kẹta wà ní 7.5 tẹ́lẹ̀. Ó ti di 3 báyìí. Ẹni tó ń di mọ́tò mú látẹ̀yìn ti tú u sílẹ̀. Lánàá mo gun òkè tó wà lẹ́yìn Zuba lórí gíà kẹrin, mi ò pààrọ̀ gíà.

Owó remap ti lọ sórí àtúnṣe, kò sì dùn mí. Omi bíréèkì àti táyà iwájú ni oṣù yìí, bí bàbá ṣe sọ. Intercooler ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá sí Wuse.

Ọ̀gá Apo (Apo)

Follower tuntun yẹn, jẹ́ kí n tún wò ó lẹ́yìn 15,000 kìlómítà. Kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí wàá ti máa rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Passat tàbí Audi tó jáde lẹ́yìn èyí, tó ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì, ẹ kò ní wàhálà follower yìí. Ohun tó ń fa ṣéènì yẹn le ni kí ẹ máa ṣọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ìró gbàgàgbàgà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà tí ẹ bá ń stáàtì láàárọ̀, ẹ má gùn ún wá. Ẹ ní kí wọ́n wọ́ ọ wá.

Bọ̀dá Laptop (Wuse)

Nígbà tó o bá ń bọ̀, má lọ wá epo pàtàkì kankan. Ilé epo tó o ti ń rà lójoojúmọ́ ni kó o ti rà á, torí òun náà lo máa fi gùn ún. Máa bọ̀ ní aago méjì ọ̀sán.

Ọmọ Òkè-Ògùn (Kubwa)

Aago méjì ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ ti 15,000 náà sára ìdérí àpótí fíltà, bíró tí kì í parẹ́ ni mo fi kọ ọ́.